Ìlẹ̀kẹ̀ pupa, ìlẹ̀kẹ̀ funfun: Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fásitì kọ́ kí ó tó di ọ̀gá níbi iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Ẹni tí ó mọ̀ pé ojú òun jìn, tí omijé òun kì í tètè jáde, kò ní í dúró di ìgbà tí ó bá dé ilé olóòkú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Òwe yìí ni ó yẹ kí ènìyàn fi sọ́kàn nígbà tí ó bá ń rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2008. Oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí àwọn ìyá ń fún ọmọ ọwọ́ tí eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lẹ́nu rẹ̀, ni ó di májèlé. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, àwọn ọmọ tí ó ti bá a lọ lé ní ọgọ́rin.

Àyẹ̀wò fi hàn pé kẹ́míkà olóró kan, diethylene glycol, ni ó wọ inú oògùn náà. Ó jọ propylene glycol tí àwọn apoògùn máa ń lò, tí kì í ṣe ènìyàn ní jàǹbá, débi pé ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Èyí tí ó tún wá bani nínú jẹ́ jù ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní ọdún 1990, kẹ́míkà yìí kan náà ni ó wọ inú paracetamol olómi, tí ó sì pa àwọn ọmọ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn àti ní Jos. Odidi ọdún 18 ni ó wà láàrin ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì.

Bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé, ‘Ta ni ó jẹ̀bi?’ Ìbéèrè náà tọ̀nà, ilé ẹjọ́ sì wà fún un. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà bi ara wọn: níbo gan-an nínú ìlànà iṣẹ́ ni ó yẹ kí wọ́n ti dá kẹ́míkà náà mọ̀ kí ó tó wọ inú ìkòkò? Ìbéèrè kejì yìí ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ìmójútó ojúlówó iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀pọ̀ fásitì lágbàáyé. Ẹni tí kò bá kọ́ láti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà nígbà tí ó wà nílé ẹ̀kọ́, ó ṣòro kí ó tó bi ara rẹ̀ nígbà tí ó bá di ọ̀gá.

OHUN TÍ Ẹ̀KỌ́ NÁÀ DÁ LÉ

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ojúlówó ọjà ni èyí tí ó bá wọ́n, tàbí èyí tí ó bá ti òkè òkun wá. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ yàtọ̀ sí èyí. Lójú tiwọn, ojúlówó iṣẹ́ ni iṣẹ́ tí ó bá ohun tí oníbàárà nílò mu, lónìí, lọ́la, àti nígbàkígbà tí ó bá tún padà wá. Télọ̀ tí ó rán aṣọ dáadáa fún ìyàwó ilé lẹ́ẹ̀kan, tí ó wá bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, kò tíì lè sọ pé ojúlówó iṣẹ́ ni òun ń ṣe.

Àjọ ISO, tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1947, ni ó ń gbé ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ń tẹ̀lé jáde. Ọdún 1987 ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní ISO 9001 kọ́kọ́ jáde. Àjọ SON, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, ni ó ń ṣojú Nàìjíríà níbẹ̀. Nínú ètò ẹ̀dà tí ó jáde ní ọdún 2015, kókó méje ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà kà.

Àkọ́kọ́ ni pé oníbàárà ni kí á kọ́kọ́ rò. Èkejì ni pé aṣáájú gbọ́dọ̀ mọ ibi tí iṣẹ́ ń lọ, kí ó sì là á yé àwọn tí ó ń tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta ni pé kí gbogbo òṣìṣẹ́, títí dé orí ẹni tí ń gbálẹ̀, lọ́wọ́ nínú àtúnṣe. Ẹ̀kẹrin ni pé kí á máa wo iṣẹ́ bí ìpele tí ó so kọ́ ara wọn, nítorí ibi tí ọwọ́ kan bá ti ṣì í, ọwọ́ tí ó tẹ̀lé e ni yóò jìyà rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni pé àtúnṣe kò lópin. Ẹ̀kẹfà ni pé ẹ̀rí tí a wọ̀n, tí a sì kà, ni kí á fi máa ṣe ìpinnu, kì í ṣe àfẹnusọ. Èkeje ni pé kí àjọṣe tí ó dán mọ́rán wà pẹ̀lú àwọn tí a ń ra nǹkan lọ́wọ́ wọn àti àwọn mìíràn tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà kàn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà lè mú kí kókó wọ̀nyí yé ènìyàn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ tí ó ń ti Nàìjíríà wá. Ní ọdún 2016, wọ́n sún òfin náà síwájú di ọdún 2019. Ìdí rẹ̀ ni dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń dà sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ìwọ̀n tí òfin Yúróòpù fàyè gbà kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan lọ. Ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà tí ó dé ọ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì lọ dé 4.6. Kò sí olùṣàyẹ̀wò kan ní èbúté tí ó lè yọ oògùn náà kúrò nínú ẹ̀wà mọ́. Inú àká ni wọ́n ti dà á sí i, inú àká náà ni ó sì yẹ kí wọ́n ti dènà rẹ̀. Àyẹ̀wò ìkẹyìn lè sọ fún ènìyàn pé ọjà ti bàjẹ́. Kò lè sọ ọjà tí ó ti bàjẹ́ di dáradára.

BÍ ÌMỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ìmọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1924, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Walter Shewhart, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Western Electric tí ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù, kọ ìwé ojú ewé kan ṣoṣo sí ọ̀gá rẹ̀. Ó ya àwòrán kan sínú rẹ̀ tí ó fi hàn bí ènìyàn ṣe lè máa ṣọ́ iṣẹ́ lójoojúmọ́, kí ó sì mọ ìgbà tí nǹkan bá yí padà. Àwòrán náà ni àwọn onímọ̀ wá ń pè ní control chart títí di òní.

W. Edwards Deming, tí wọ́n bí ní ọdún 1900, ni ó mú ìmọ̀ náà dé ilẹ̀ Japan. Ní ọdún 1950, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ilẹ̀ náà túútúú, tí àwọn ènìyàn sì ń fi ọjà Japan ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ayé, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ níbẹ̀ pè é pé kí ó wá kọ́ wọn. Kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ni ó bá sọ̀rọ̀. Ó tún bá àwọn ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ jókòó, ó sì sọ fún wọn pé ọwọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ní ọdún 1951, àwọn ará Japan dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Amẹ́ríkà tí ó bí Deming kò kà á sí púpọ̀ títí di ọdún 1980, nígbà tí ètò tẹlifíṣọ̀n kan béèrè ìdí tí Japan fi lè ṣe ohun tí Amẹ́ríkà kò lè ṣe. Ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ẹni 93 ọdún ni nígbà tí ó kú ní oṣù kejìlá ọdún 1993.

ERÉ ÌLẸ̀KẸ̀

Nínú gbogbo ọ̀nà tí Deming fi kọ́ ènìyàn, èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni eré ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn olùkọ́ fásitì ṣì ń lò ó lónìí, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti kópa nínú rẹ̀ kì í gbàgbé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Olùkọ́ yóò da 4,000 ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké sínú agbada kan. 3,200 nínú wọn yóò jẹ́ funfun, 800 yóò jẹ́ pupa. Yóò pe akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà jáde gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, yóò sì yan àwọn mìíràn tí yóò máa ka iye ìlẹ̀kẹ̀, tí wọn yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ọ̀gá. Yóò sọ fún wọn pé ìlẹ̀kẹ̀ funfun nìkan ni oníbàárà fẹ́, pé kò gbọdọ̀ rí pupa. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò wá ti pákó pẹlẹbẹ kan tí ó ní ihò 50 bọ inú agbada náà, yóò sì gbé e jáde pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ 50. Iye pupa tí ó bá wà nínú rẹ̀ ni iye àṣìṣe rẹ̀ fún ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ kìíní, ẹnì kan lè gbé pupa 7 jáde, kí ẹlòmíràn gbé 14. Ọ̀gá yóò yin ẹni tí ó gbé 7, yóò sì fi ẹni tí ó gbé 14 ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tí wọ́n yìn lè gbé 12. Ọ̀gá yóò fajú ro, yóò ní ìyìn ti gun orí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bú lè gbé 8, ọ̀gá yóò sì fọ́nnu pé ìbáwí òun ti ṣiṣẹ́. Yóò lẹ ìwé ìwúrí mọ́ ara ògiri, yóò ṣèlérí owó, yóò halẹ̀. Nígbà tí ó bá di ìparí ọjọ́ kẹta, yóò lé àwọn mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn burú jù, yóò sì ní kí mẹ́ta yòókù ṣe iṣẹ́ ìlọ́po méjì ní ọjọ́ kẹrin. Pupa kò ní í tán. Níkẹyìn, ọ̀gá yóò kéde pé ilé-iṣẹ́ ti kógbá sílé.

Ẹ̀rín ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi bẹ̀rẹ̀ eré náà. Nígbà tí ó bá parí, olùkọ́ yóò béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni àwọn tí wọ́n lé ṣe tí kò dára. Kò sí ìdáhùn, nítorí kò sí ohun tí wọ́n ṣe. Ìdá kan nínú márùn-ún ìlẹ̀kẹ̀ inú agbada ni ó jẹ́ pupa. Ẹni yòówù tí ó bá ti pákó bọ̀ ọ́, 10 tàbí iye tí kò jìnnà sí i ni yóò máa bá pàdé. Ẹni tí ó ra ìlẹ̀kẹ̀, tí ó pò wọ́n pọ̀, tí ó sì pàṣẹ bí wọn yóò ṣe máa ti pákó bọ̀ ọ́ ni ó ni àṣìṣe náà. Ọ̀gá ni. Deming gbà pé nínú ọgọ́rùn-ún ìṣòro tí ó ń bẹ níbi iṣẹ́, nǹkan bíi 94 ni ó ti inú ètò iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá, tí àtúnṣe rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá.

ṢÉ ÒṢÌṢẸ́ KÌ Í JẸ̀BI NI?

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè bínú. Ṣebí Yorùbá náà ni ó ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Bí òṣìṣẹ́ bá sùn sẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí ó jí ọjà gbé, ṣé wọn yóò máa wò ó ni? Rárá. Ẹ̀kọ́ náà kò ní kí ọba má gé ìka. Ó ní kí ọba kọ́kọ́ rí i dájú pé ìka ni ó ṣẹ̀.

Ohun tí àwòrán Shewhart wà fún gan-an nìyí. Ó pín ìyàtọ̀ tí ń bẹ lẹ́nu iṣẹ́ sí oríṣi méjì. Èkíní ni ìyàtọ̀ tí ó jẹ́ ti ètò iṣẹ́ náà, tí kò sí ọjọ́ tí kò ní í wáyé. Búrẹ́dì méjì láti inú ààrò kan kò lè wọ̀n dọ́gba rẹ́gí láéláé. Èkejì ni ìyàtọ̀ tí ó ní ìdí pàtó: ẹ̀rọ kan bàjẹ́, wọ́n pààrọ̀ ìyẹ̀fun, tàbí ẹnì kan kò ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Nínú eré ìlẹ̀kẹ̀, ìṣirò fi hàn pé ohun tí òṣìṣẹ́ yóò máa gbé jáde yóò sábà wà láàrin 2 sí 18. Bí ẹnì kan bá gbé 14, kò sí ohun tí ó ṣe. Bí ẹnì kan bá gbé 30, ó yẹ kí wọ́n lọ wádìí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò máa jẹ aláìṣẹ̀ níyà, ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò sì máa rìn lọ láìsí ẹni tí ó rí i.

LÁTI INÚ YÀRÁ ÌKẸ́KỌ̀Ọ́ DÉ IDÍ AGBADA GÀRÍ

Eré ìlẹ̀kẹ̀ kò ju ìlẹ̀kùn àbáwọlé lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá iṣẹ́ gidi pàdé, èyí kò sì dìgbà tí ó bá rí ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹ jẹ́ kí a fi gàrí ṣe àpẹẹrẹ. Bí àwọn oníbàárà bá ń sọ pé gàrí ìyá kan máa ń bu kí oṣù tó parí, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀ ju ìwé lọ yóò sọ pé ìyá náà kò mọ iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gba ẹ̀kọ́ yìí yóò jókòó tì í, yóò sì ya egungun ẹja.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kaoru Ishikawa ti fásitì Tokyo ni ó gbé àwòrán egungun ẹja kalẹ̀. Orí ẹja ni wọ́n ń kọ ìṣòro sí. Ara egungun rẹ̀ ni wọ́n ń kọ ohun tí ó lè fà á sí. Egungun kan jẹ́ ti ohun èlò tútù: irú ẹ̀gẹ́ wo ni, ọjọ́ mélòó ni ó sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bó o? Òmíràn jẹ́ ti irinṣẹ́: ṣé jákì ń fún omi rẹ̀ gbẹ dáadáa? Òmíràn jẹ́ ti ọ̀nà iṣẹ́: báwo ni iná ṣe rí nígbà tí wọ́n ń yan án, ṣé ó sì tutù tán kí wọ́n tó dì í sápò? Òmíràn jẹ́ ti àwọn ènìyàn, òmíràn ti àyíká, òmíràn ti bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan. Ìlànà Codex, tí àjọ àgbáyé méjì, FAO àti WHO, jọ ń mójú tó, sọ pé omi inú gàrí kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Gàrí tí omi rẹ̀ bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń tètè bu. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wọn èyí ní yàrá àyẹ̀wò fásitì rẹ̀, ìyá onígàrí kò sì ní í ṣiyèméjì mọ́.

Nígbà tí wọ́n bá ti fura sí ohun kan, àyípo onípele mẹ́rin ni ó kàn: wọn yóò pinnu àtúnṣe kan, wọn yóò dán an wò níwọ̀nba, wọn yóò yẹ àbájáde rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbà á wọlé tàbí kí wọ́n pa á tì, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpele kìíní. Bóyá apá kan gàrí ọjọ́ kan ni wọn yóò kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ kí ó tutù tán kí wọ́n tó dì í, kí wọ́n wá fi wé èyí tí wọ́n dì ní gbígbóná. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ náà dàgbà ni.

OHUN TÍ Ó Ń DÍ I LỌ́WỌ́

Àwọn fásitì ní Nàìjíríà kò ṣàì mọ ẹ̀kọ́ yìí. Ó máa ń jẹ yọ nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti ìṣàkóso okòwò, ti oògùn pípò àti ti ìmọ̀ oúnjẹ. Ìṣòro ibẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti pọ̀ ju ìjókòó lọ, tí olùkọ́ sì jẹ́ ẹyọ kan, ìwé ni wọn yóò máa kọ sílẹ̀ láti kà fún ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ kókó méjèèje sórí, kí ó gba A, kí ó sì tún di ọ̀gá tí ń lé òṣìṣẹ́ nítorí ìlẹ̀kẹ̀ pupa.

Ohun tí yóò yí èyí padà kò wọ́n. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́jà, káfíńtà àdúgbò sì lè gbẹ́ pákó oníhò 50. Àyè sì wà nínú ètò ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Nínú ìlànà tuntun tí àjọ NUC gbé jáde ní ọdún 2022, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ náà là sílẹ̀ fún gbogbo fásitì. Ó fi ìdá 30 sílẹ̀ fún fásitì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tí ó bá wù ú kún un. Ètò SIWES tún wà, tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní ọdún 1973 láti máa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́. Dípò kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé tíì fún ọ̀gá níbẹ̀, wọ́n lè ní kí ó mú ìṣòro kan ṣoṣo, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó ya egungun ẹja rẹ̀, kí ó sì dán àtúnṣe kan wò.

Ó ku ẹnì kan tí ẹ̀kọ́ náà kò ní í ṣàì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni. Bí ìdajì kíláàsì bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ṣé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn, àbí àwọn tí ó jókòó lẹ́yìn kò gbọ́ ohùn olùkọ́? Ṣé ìwé wà ní ilé ìkàwé? Ṣé iná wà? Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1993, The New Economics, Deming bẹnu àtẹ́ lu fífi ipò to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀léra wọn, nítorí ó gbà pé ó ń pa ayọ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́. Kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ni yóò gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí èyí. Síbẹ̀, olùkọ́ tí ó ń kọ́ni pé kí á wo ètò kí á tó bú ènìyàn, tí kò sì wo ètò kíláàsì tirẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti rí i.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn tí wọ́n ń jókòó sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ fásitì lónìí ni wọn yóò po oògùn lọ́la, tí wọn yóò ṣọ́ àká ẹ̀wà, tí wọn yóò sì fọwọ́ sí ìwé pé ọjà lè jáde. Ọmọ ọwọ́ tí eyín ń hù kò lè yẹ oògùn tirẹ̀ wò. Ìyá rẹ̀ tí ó gbé e lọ́wọ́ kò lè mọ ohun tí ó wà nínú ìgò. Àfi kí ẹnì kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ní òkèèrè, kí kẹ́míkà tó wọlé, kí ó sì ti kọ́ láti béèrè pé, ‘Kí ni èyí, ta sì ni ó yẹ̀ ẹ́ wò?’